Ọwọ́ Ọ̀tún Dírẹ́bà Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá 2025

Róbótó dé! Orúkọ tí mo sọ sítíárì oníke tí wọ́n fi ń ṣe eré ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí mo rà ní àlòkù, nìyẹn. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo sì ń retí ìyọnu tó ti mọ́ àwa tí à ń lo Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà) lára – kí ó máa wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Rárá o. Ó gbọ́ràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnì kan tí n kò mọ̀, ní ìlú tí n kò lè dé láéláé, ló jókòó kọ ètò tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run á bù kún un. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta sítíárì ò tilẹ̀ rántí pé a wà láyé.

Ohun tí màá kọ sí ẹgbẹ́ wa lórí fóònù, àwa eléré orí Linux: eré ọkọ̀ àjàgbé yìí dára. Ẹni méjì péré ló ṣe é, ó sì sàn ju ti àwọn olówó lọ. Ẹrù ń wúwo, òjò ń rọ̀, táyà ń yọ̀. Ohun kan ló bà á jẹ́. Ó ní ibi tí èèyàn ti lè tan ìrànwọ́, kí eré fúnra rẹ̀ máa bá a tọ́ sítíárì. Ìtìjú gbáà! Eré tó ní òun ń ṣe bí ohun gidi, tí kò wá jẹ́ kí n já sí kòtò, irọ́ ló ń pa fún mi. Ẹ wo eré oyin sísìn tí obìnrin kan dá ṣe. Kò sí ìrànwọ́ kankan níbẹ̀. Tí o bá ṣe wàdùwàdù, oyin á ta ọ́. Eré nìyẹn!

Ọjọ́ Àìkú, 5

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń wakọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń tẹ bíréèkì lórí sìmẹ́ǹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni Bàbá ṣe láyé wọn. Gẹdú àti kòkó ni wọ́n ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó láti Ìkọ̀lé yìí lọ sí Ìbàdàn, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dé lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, ọwọ́ ọ̀tún ló kù. Dókítà ní kí wọ́n má wakọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́yẹni – Kọmíṣánnà ni mo sọ ọ́ nítorí àṣẹ pípa rẹ̀, n ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀ – wá láti Ìbàdàn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ Tòyótà Bàbá, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dúródọlá, tí wọ́n bá wa mọ́tò yìí, ìwọ ni màá bi." Inú àpótí aṣọ mi ni kọ́kọ́rọ́ náà wà.

Lónìí Bàbá ní, "Jẹ́ n tọ́ nǹkan yẹn wò." Mo fi wọ́n jókòó sídìí Róbótó. Kọ́nà àkọ́kọ́, kòtò. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọlu igi. Ọwọ́ ọ̀tún ò rí sítíárì dì mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó ti tán náà nìyẹn." Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí sítíárì, bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ọmọ tó ti sùn. Ó dùn mí dé egungun.

Ọjọ́rú, 8

Mo ti ṣe é. Mo tan ìrànwọ́ yẹn – gbogbo rẹ̀, dé òpin. Mo parọ́ fún Bàbá pé Róbótó ló yọnu lánàá, pé mo ti tún un ṣe.

Bàbá dé ibi tí wọ́n ń lọ láìfara kan nǹkan kan. Wọ́n tẹ họ́ọ̀nù! Màámi sáré jáde láti ìdí iná, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo "Dírẹ́bà mi!" Bàbá wá ń rẹ́rìn-ín ṣáá. N ò rí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

Èmi tí mo ní irọ́ ni ìrànwọ́ yẹn. Ó dáa, ọjọ́ kan péré ni. Ta ni mo pa lára?

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ọjọ́ kan ti di ojoojúmọ́.

Bàbá ti wá ń rí àbùkù eré náà jù mí lọ. "Títì ta nìyí? Ewúrẹ́ kan ò sí níbẹ̀! Kò sí kòtò láàárín ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń ta iṣu létí títì. Àwọn tó ṣe é ò gba títì Ọ̀yẹ́ kọjá rí." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹgbẹ́ wa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan wá bi mí pé báwo ni ẹni tí ọwọ́ ń dùn ṣe ń yí àwọn kọ́nà líle yẹn. Mo ní dátà mi ti fẹ́ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iyán lónìí. Díẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀. Ṣé Róbótó ló ṣe é ni, àbí àsìkò? N ò mọ̀. Màámi ní Ọlọ́run ni, pé àwọn máa jẹ́rìí rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Mo ní àmín. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo gbé o. Wọ́n béèrè kọ́kọ́rọ́.

Ìjọ ilé Màámi ní Ìtapàjí ló fẹ́ ṣe ìkórè, lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn ló máa wa Màámi lọ. Mo ní, dókítà ńkọ́? Wọ́n ní, "Dókítà ò rí mi nídìí Róbótó. Ìwọ rí mi. Ṣé mo fara kan nǹkan?" Mo ní rárá, sà. "Ó dáa, bá mi wá kọ́kọ́rọ́ mi." Mo ní màá wá a.

Títì Ìtapàjí. Màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn ọmọ tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Kò sí ẹni tó máa bá wọn tọ́ sítíárì níbẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni mo ṣe é.

Sọ fún wọn, Dúródọlá. La ẹnu rẹ. – N ò lè là á. Ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Ojo ni mí. Dípò kí n sọ̀rọ̀, mo yọ́ pa ìrànwọ́ náà. Mo rò pé Bàbá á rí i fúnra wọn, wọ́n á ní ọwọ́ ò tíì yá tó, wọ́n á gbàgbé kọ́kọ́rọ́.

Kọ́nà àkọ́kọ́, kòtò. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kòtò. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ wọn, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé, òógùn ti bò wọ́n. Wọ́n rọra ní, "Ó tún ti dé." Mo ní, kí ló dé? "Àrùn yẹn. Ó tún ti kọlù mí. Má sọ fún ìyá rẹ."

Háà! Háà, Dúródọlá!

Ọjọ́ Àìkú, 2

Bàbá ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 3

Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí ilé ìwòsàn, kí Màámi má gbọ́. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n dáadáa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò ru, pé ọwọ́ náà tilẹ̀ ń le sí i. Bàbá ò gbà. Wọ́n ní ọmọdé ni, pé àwọn mọ ohun tí àwọn fojú rí. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, à ń dúró de táksí, ni wọ́n bá ń sọ ibi tí wọ́n fẹ́ ká sin wọ́n sí fún mi.

Ibẹ̀ ni n ò ti lè pa á mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní láti ọjọ́ kejì. "Ọjọ́ tí ìyá rẹ pàtẹ́wọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. "Èmi kọ́ ni mo wà á?" Mo bú sẹ́kún. "Dìde, àwọn èèyàn ń wò wá. Jẹ́ a re ulé." Títí a fi délé, ojú fèrèsé táksí ni wọ́n ń wò. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́rú, 5

Bàbá sọ fún Màámi pé táksí ni kí wọ́n jọ wọ̀ lọ sí Ìtapàjí, pé bíréèkì Tòyótà ò dáa. Bíréèkì ò ṣe nǹkan kan. Wọn ò béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́. Wọn ò sì pe orúkọ mi.

Mo dá Róbótó padà sínú páálí. Mo pa ohun tí mo kọ nípa eré náà rẹ́ kúrò ní ẹgbẹ́ wa. Eré yẹn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbangba ló kọ ọ́ sí pé ìrànwọ́ wà níbí. Èmi ni mo fi pa mọ́ fún bàbá mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Bàbá pè mí nírọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ti fúnra wọn yọ Róbótó jáde. "So ó mọ́ ọn. Má fi tìrẹ sí i." Inú mi dùn, mo sáré so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

Kòtò. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, eyín ni wọ́n fi ń bu ètè jẹ. Ni wọ́n bá yí kọ́nà àkọ́kọ́! Àwọn fúnra wọn! Ní ìkejì wọ́n já sí kòtò. Wọ́n ní, "Èyun ni tèmi," pé ìyẹn ni ti àwọn, kòtò àti gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó ti tán, pé wọ́n ti dárí jì mí.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn Màámi lẹ́nu géètì. Wọ́n mú Ìyá Súnkànmí dání, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ wọlé, ẹ wá fojú ara yín rí i, kí n tó jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú!"

Bàbá wò mí. N ò rí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pàápàá. Wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Tan nǹkan yẹn."

Mo ní, Bàbá…

"Tàn án. Ìyá rẹ ń bọ̀."

Mo tàn án. Ìyá Súnkànmí ń wólẹ̀, ó ń gbé Ọlọ́run ga. Màámi ń sunkún ayọ̀, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún mi. Bàbá ń yí kọ́nà kan tẹ̀ lé òmíràn, wọn ò sì wo apá ibi tí mo wà. Ọ̀túnla ni ìkórè.