Ìlà Méjì tí Àtàǹpàkò Mi Fà sí Ojú Ìwé Rẹ

Ọmọ mi, onípẹ́ńsù ṣọ́ọ̀bù mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ le, ṣé ìlú ńlá ò tíì sọ ẹ́ di ẹlòmíì? Ọlọ́run tó mú ẹ débẹ̀ á máa ṣọ́ ẹ níbi tí ojú mi ò tó. Ilé dára. Eyín iwájú àbúrò rẹ ti ká, ó sì ní kí n fi ìṣó kàn án padà. Ìyá rẹ ń kí ẹ. Orúnkún mi tó bó lọ́jọ́ tí mo mú ẹ lọ ti jinná. Má bi mí ohun tó ṣe é.

Nígbà tí olùkọ́ rẹ ránṣẹ́ pé o kì í la ẹnu sọ nǹkan kan nípa ìwé tí ẹ ń kà, àti pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ títí táàmù fi parí, wọ́n á dá ẹ padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀, mi ò gbà. Mo ní ọmọ tó ń bá pákó sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe odi. Ó wá ní òun máa fi ojú ìwé ìtàn kan sórí síléètì oníná yín, kí kálukú fi ìka ya èrò rẹ̀ sí i, òbí náà á sì rí i lórí fóònù.

Ojú ìwé dé, àyà mi já! Ìwé ilé ìwé, o fi ìlà pupa bà á jẹ́ látòkè délẹ̀! Nígbà tiwa, irùngbọ̀n kan ṣoṣo tí mo yà fún ọba inú ìwé, ẹgba mẹ́fà ni. Mo sáré mú àkísà tútù kí n nù ún kí olùkọ́ tó rí i, bí mo ṣe ń nù ún ló ń tóbi sí i, títí lẹ́tà kan ṣoṣo fi gba gbogbo fóònù. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun ló bá mi dá a padà, ìgbà náà ni mo wò ó dáadáa.

Háà! Àmì ṣọ́ọ̀bù wa ni! O fa òbìrìkìtì yí ọ̀rọ̀ tó le ká, bí a ṣe ń fà á yí kókó inú pákó ká kí ayùn má bàa kán léyín. O fa ìlà kọ́lọkọ̀lọ sábẹ́ ibi tí ìtàn rí págunpàgun, pé ó ṣì ń fẹ́ ìfági. Mo jó yí tábìlì ká. Àfi ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ya bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, tó fi í sílẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò wẹ̀yìn. O fi àmì àgbélébùú síbẹ̀, àmì igi tí a fẹ́ gé dànù. Ìyá rẹ ní ìtàn lásán ni. Mo ní ẹnikẹ́ni kì í fi àmì yẹn ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, pé kí ló dé. Fóònù bá fa ìlà gbọọrọ láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Mo fẹ́ nù ún kúrò, ó tún fa èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì láàárín igi méjì: o mọ̀ ọ́n, ẹnìkejì ara wọn nìyí, ibí ni gọ́ọ̀mù ń lọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo bá fà ló ń hàn gàgàrà lára ògiri kíláàsì yín!

Lọ́jọ́ kejì olùkọ́ rẹ pè. Mo bọ́ fìlà. Ó ní gbogbo kíláàsì ń béèrè pé ta ló ní àtàǹpàkò tó tóbi báyẹn, ìwọ sì dìde, o ní bàbá rẹ ni, o ṣàlàyé ṣọ́ọ̀bù wa fún wọn látorí kókó dórí gọ́ọ̀mù, aago lù, o ò jókòó. Kò sí kíláàsì ìsàlẹ̀ mọ́! Mo wá fi ìtìjú béèrè àmì àgbélébùú yẹn. Ó ní o sọ pé kì í ṣe ara bàbá náà lo fi í sí, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò wẹ̀yìn ni. Pé irọ́ ni, kí wọ́n gé e dànù, torí bàbá tìrẹ wẹ̀yìn, wẹ̀yìn, títí ó fi ṣubú sí gọ́tà.

Mo ṣebí o ò rí mi.

Fi díẹ̀ nínú owó tí ẹ̀gbọ́n mi bá fún ẹ ra káàdì sí fóònù mi, torí mo fẹ́ rí àwọn ojú ìwé tó kù. Ọlọ́run á fi ẹ́ síbi tó bá ẹ mu, ayùn ayé ò ní kàn ẹ́. Mo fa ìlà méjì sétí ìwé yìí. Fa tìrẹ sétí èyí tí o bá kọ padà, kí n gbé wọn pọ̀ kí n wò ó bí wọ́n ṣe ṣe rẹ́gí.

Bàbá rẹ, káfíńtà tí orúnkún rẹ̀ ti jinná.