Èso Tí Mo Rà fún Ojú Màámi

Ọjọ́bọ̀, oṣù Ẹrẹ́nà

Ojú òsì Màámi ti lọ. Dókítà ojú ló sọ fún wa l'Óṣogbo láàárọ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ débi pé Màámi ní kó tún un sọ.

Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, mo kà á lórí fóònù pé àwọn èso wẹẹrẹ tó dúdú ń ṣe ojú lóore. Irú wọn ò sí lọ́jà Ẹdẹ, ni mo bá ń ra agbálùmọ̀ àti ìbẹ́pẹ.

"Ojú mi ti ń là díẹ̀díẹ̀," Màámi á wí. Inú mi á dùn. Bóyá torí kí inú mi lè dùn ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́...

Mo bi dókítà bóyá èso yẹn ló ṣe wọ́n ní jàǹbá.

"Rárá o, mà. Èso dáa fún ojú, ẹ máa fún wọn jẹ. Ṣùgbọ́n omi inú ojú ló ń fún iṣan ojú pa, èso ò lè dá ìyẹn dúró. Oògùn ni ì bá dá a dúró, ká ní ẹ tètè wá."

Ká ní a tètè lọ.

Ó fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sí ojú ọ̀tún tó kù.

Nínú mọ́tò, apá òsì wọn ni mo jókòó sí. Mo ń sunkún láìnujú, torí mo mọ̀ pé wọn ò rí mi. Àfi bí wọ́n ṣe na ọwọ́, tí wọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó tutù.

"Bọ́ sí apá ọ̀tún," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n rí ẹ."