Má Fọwọ́ Kan Ọṣẹ Funfun Yẹn

Àbúrò mi,

Má tíì wẹ̀ o! O gbàgbé fóònù rẹ sílé, ìdí nìyí tí mo fi lẹ ìwé yìí mọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ọṣẹ funfun tí mo sè ni mo fi fọwọ́ láàárọ̀ yìí, ló bá ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata ra egbò.

Mo pa dà sídìí ìṣirò mi, mo sì rí àṣìṣe mi. Ní móòlù, ìyẹn òǹkà tí a fi ń ka èròjà nínú kẹ́mísírì, òróró kan, sódà mẹ́ta ló ń gbà kó tó di ọṣẹ. Mẹ́ta náà ni ti pọ́táàṣì tí wọ́n tún máa ń fi se ọṣẹ, àmọ́ móòlù pọ́táàṣì wúwo ju ti sódà lọ. Ìwọ̀n pọ́táàṣì ni mo fi wọn sódà! Sódà wá pọ̀ jù; èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ, ara èèyàn ló ń jẹ. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísírì!

Mo ti fún aránṣọ wa lọ́kan lánàá, pé kó fi wẹ ọmọ tuntun rẹ̀. Mo pè é títí, kò gbé e. Ìsinsìnyí ló pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, omi ìwẹ̀ ọmọ ni mò ń po lọ́wọ́."

Mo figbe ta: "Ju ọṣẹ yẹn sílẹ̀!"

Ó ní òun ò tíì fi kan ọmọ. Síbẹ̀ mò ń lọ, àfi kí n fojú ara mi rí i.

Wọ ìbọ̀wọ́, kó ìyókù ọṣẹ náà sínú garawa, kí o sì dé e. Bó bá kàn ọ́ lára, máa da omi sí i, má dáwọ́ dúró.

Má sọ fún Màmá.