Chorten Jókòó, Èmi Náà Jókòó

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ara mi le, tíì oníbọ́tà pọ̀ ní Zanskar níbí, ẹ má jẹ́ kí Màmá dààmú.

Chorten wa, ojúbọ Búdà tí à ń mọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé Búdà ló jókòó yẹn: ìsàlẹ̀ onígun mẹ́rin ni ìtẹ́ rẹ̀, ibi róbótó ni ara rẹ̀, ṣóńṣó òkè ni adé. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń kun adé ní ẹfun. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ gbé garawa lọ sí òdì kejì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yá yóò fi chorten sí ọwọ́ òsì mi, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni a ń fi ohun mímọ́ sí, ọmọ yín kò sì lè ṣe irú ìyẹn. Mo gba ọ̀nà tó jìn, níbi tí yìnyín ò tíì yọ́ lórí pákó tí a ń dúró lé ṣiṣẹ́ lókè. Ó yọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ̀yìn ti ìtẹ́, mò ń fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó sì tù mí lára. Àwọn ìyá àgbà tó ń yí chorten ká ń yí èmi náà ká. Lánàá, Ìyá Yangskit dúró tì mí.

"Namdak, ta ló ní kó o wá bá Búdà pín ìtẹ́? Ká ẹsẹ̀ ẹ kò, mo fẹ́ kọjá."

Mo kàn rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń sùn, ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí ẹ bá ń yí chorten ẹnu ọ̀nà wa ká láàárọ̀, ẹ máa fi ẹ̀ẹ̀kan kún un fún mi.

Ọmọ yín,
Namdak