Ọkọ̀ Òfurufú Tí Mo Kàn ní Pálọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú ìdájí tí wọ́n ní ẹ máa ń jí ní ìlú ńlá yẹn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ tó bó ṣe rẹ̀ mí. Àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún mi tó ń dún bí àga tí ìṣó ti yẹ̀ lára rẹ̀, ìyá rẹ sì ní kí n má fi ìyẹn dààmú rẹ.

Àpótí tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní ọkọ̀ òfurufú ìṣeré ni, pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o ráyè tò ó, kí èmi tí mo jẹ́ káfíńtà bá ọ kàn án, tí ọdún bá parí o ó wá gbé e fò. Mo ṣí i, igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni mo bá, wọ́n fúyẹ́ débi pé mo mí kanlẹ̀, méjì sì bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ogójì ọdún ni mo fi rẹ́ igi, n kò rí igi tó ń sá fún èémí ènìyàn rí.

Fọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí. Mo kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi sí i, kí ìjà má baà dé lọ́la. Mo tún mú rédíò rẹ̀ jáde, mo fa irin orí rẹ̀ sókè, mo gbé e sétí láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò ka ìròyìn kankan. Ìyá rẹ ní bóyá wọn ò tíì dé ibi iṣẹ́.

Nínú àwòrán ara páálí, ọkọ̀ náà dojú dé, táyà rẹ̀ ń wo ọ̀run. Èmi kì í bá ẹni tó ya iṣẹ́ jiyàn, orí rẹ̀ náà ni mo lẹ táyà mọ́. Ìgbà tí tísà tó fẹ̀yìn tì, aládùúgbò wa, wá kí wa ló tó ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ tó ń dárà ni, tàkìtì ló ń ta nínú àwòrán yẹn, abẹ́ ni táyà ń gbé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi abẹ bó gọ́ọ̀mù, ojú ń dùn mí. Mo ní n ó kó o padà sínú àpótí, ìyá rẹ bi mí pé kí ni n ó wá sọ fún ọ tí o bá dé. Mo tún mú abẹ.

Ó parí, a gbé e sórí àpótí aṣọ, a ń retí rẹ. Ọdún parí. O kọ ọ́ sórí fóònù pé ọ̀gá rẹ kò fún ọ láàyè. Mo dá ọ lóhùn, mo sọ̀rọ̀ sínú fóònù náà títí ó fi rẹ̀ mí, tísà wá ní n kò tẹ ibi kankan.

Ìyá rẹ ní kí a gbé e fò kí eku tó jẹ ẹ́. Àwa mẹ́ta, pẹ̀lú tísà, gbé e lọ sí pápá ilé ìwé; ibẹ̀ ni tísà ti sọ fún mi pé rédíò tí kò ka ìròyìn yẹn la fi ń darí rẹ̀. Ó sáré, ó gbéra, ó ta tàkìtì kan tó jọ mí lójú. Lílọ rẹ̀ dára, bíbọ̀ ni kò ṣeé ṣe. Bí ó ti kọjú sí wa, mo darí rẹ̀ sí ọ̀tún, òsì ló gbà, ó sì forí sọlẹ̀, apá kan ṣẹ́. Tísà ní bẹ́ẹ̀ ló rí, tó bá ti ń bọ̀ sọ́dọ̀ ẹni, ọwọ́ ọ̀tún a di òsì.

Ìyá rẹ ṣa á sínú gèlè rẹ̀, ó gbé e títí a fi délé. Ibẹ̀ ló jókòó sí tó sunkún. Mo ní igi lásán ni, n ó tún un ṣe. Ó ní òun ò sunkún nítorí igi.

Mo ti di apá náà, ó ti ń gbẹ. Jọ̀wọ́, fi owó gọ́ọ̀mù díẹ̀ ránṣẹ́, má jẹ́ kó pọ̀, kí o fi ìyókù wọ ọkọ̀ wálé. Ọ̀nà kò ní nà ọ́, o ó rí ojúrere ọ̀gá rẹ, ẹni tó mú ọ lọ láyọ̀ yóò mú ọ bọ̀ láyọ̀, yóò sì ṣojú wa.

Ìyá rẹ dúró tì mí, ó ní kí n kọ ọ́ pé kí o má ra nǹkan kan dání.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.