Màmá Ọmọ́níkẹ́ Ọlábọ̀dé (1954–2025), Ọmọ Bíbí Bórì

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, bí ìwé ètò ìsìnkú tó sọ pé ọmọ Iléṣà ni Màmá wa bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á ya. Àwa la tẹ̀ ẹ́. A ò mọ̀ ni.

Ní Bórì, nílẹ̀ Ògónì, Ìpínlẹ̀ Rivers, ni a bí Màmá ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1954. Barinada ni òbí wọn sọ wọ́n. Ogun abẹ́lé pa àwọn òbí náà. Ní 1970, Adùnọlá, tí Màmá ń pè ní Ìyá Adùnọlá, ọmọ Iléṣà tó ń ta aṣọ ní Ọ̀yìngbò, ló rí Màmá ní Port Harcourt, tó mú wọn wá sí Èkó, tó sì sọ wọ́n ní Ọmọ́níkẹ́.

Màmá jáde ìwé mẹ́wàá ní Yábàá ní 1976. Yunifásítì gbà wọ́n, ṣùgbọ́n àìsàn dá Ìyá Adùnọlá dùbúlẹ̀ lọ́dún náà, kò sì sí ẹni tí yóò rán wọn lọ. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n jókòó sí. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n rán fún àwọn ọmọ iléèwé àdúgbò wa, Àgùdà ní Èkó, kò lóǹkà.

Ní 1981 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Bámidélé Ọlábọ̀dé, tó ṣáájú wọn lọ ní 2012. Bí Bàbá bá mọ̀, Bàbá ò sọ. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kì í bá ti ẹlòmíràn mu.

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, Màmá máa ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa tí a bí sí Àgùdà gbà pé Iléṣà ni. A ò tẹ̀lé wọn lọ rí. A máa ń ní iṣẹ́ pọ̀. Ká má parọ́, ọ̀lẹ ni.

Ní ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún ọdún yìí, Màmá ń rán kọ́là ẹ̀wù kan lọ́wọ́, wọ́n sì gbórí lé ẹ̀rọ. A rò pé oorun ni.

Ayọ̀kànmí, àrẹ̀mọ wọn, lọ túfọ̀ ní Iléṣà. Àwọn àgbà ilé wo ara wọn lójú. Wọ́n ní Adùnọlá ọmọ àwọn kò bímọ títí ó fi kú, àwọn ò sì mọ Ọmọ́níkẹ́ kankan. Jìnnìjìnnì bò wá. Ta wá ni a fẹ́ sin?

Lọ́jọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì kan láti Mushin wọlé, Rosaline, ọmọ Ògónì. Ó gbá ẹ̀rọ ìránṣọ náà mọ́ra, ó ń sunkún. Ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ pé Bórì ni Màmá ń lọ. Pé láti 1998 ni wọ́n ti ń jókòó sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀, tí wọ́n ń yan àwọn ọmọbìnrin tí wọn yóò fi owó aṣọ rírán wọn rán lọ sí yunifásítì. Sikọ́láṣíìpù Adùnọlá ni wọ́n pè é. Mọ́kànlá ti gboyè, Rosaline ni àkọ́kọ́. Mẹ́ta ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ìyá Adùnọlá ló bẹ Màmá pé kí wọ́n má sọ ibi tí wọ́n ti wá, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀.

Àwa tí a ń bá wọn jà pé kí wọ́n fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Ojú tì wá gan-an.

Ayọ̀kànmí tẹ̀lé Rosaline lọ túfọ̀ ní Bórì. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹkún fi gba ilé. Àbúrò Màmá obìnrin ṣì wà láàyè. Ó jọ Màmá tó bẹ́ẹ̀ tí Ayọ̀kànmí fi dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ ni Ayọ̀kànmí, Moyọ̀sọ́lá àti Motọ́lání, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àbúrò kan, àti ọmọbìnrin Ògónì mẹ́rìnlá. Ọmọ mẹ́ta ni a kọ sínú ìwé àkọ́kọ́. Mẹ́tàdínlógún ni.

Màmá, ẹ sùn re. Àwọn mẹ́ta tó kù yóò parí ẹ̀kọ́ wọn. Oṣù kẹjọ ń bọ̀, àwa tí a kò tẹ̀lé yín rí la ó lọ jókòó sí gbọ̀ngàn náà.