Nọ́ńbà Yín Ni Mo Fi Tò Wọ́n

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le ní Yábàá níbí. Níbi ìkówèésí wa, lẹ́tà la fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, kì í ṣe nọ́ńbà bíi tiyín níbi ìkówèésí ilé ìwé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi, Bámidélé, fara mọ́ lẹ́tà fún ìwé ilé wa. Èmi ní nọ́ńbà Bàbá mi ló dáa jù. A máa ń jiyàn, a ó tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ sínú páálí. Mo ní, "Ṣé kí n bá ẹ dì í?"

"Má ṣèyọnu, Moyọ̀," ló fi dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́.

Mo ti fi nọ́ńbà yín to èyí tó kù. Ó dùn-ún wò, àyè sì pọ̀.

Ẹ bá mi kí Màámi. Kí wọ́n dín iṣu tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kù. Ìdajì ti tó mi.

Moyọ̀sọ́lá yín.